Èmi àti Alhaja ìyá mi ń gba Istanbul kọjá: níbo la ti lè jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ Túrkì bí a bá ń wo ìlú?

Ọmọ_Alhaja

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ìyá mi ń lọ sí London láti Èkó lóṣù tó ń bọ̀, Turkish Airlines la sì máa wọ̀. A ò fẹ́ jókòó sí pápákọ̀ òfurufú títí ọkọ̀ kejì á fi gbéra, a ti pinnu pé a máa sùn ní Istanbul díẹ̀, ká lè wo Ayasofya (Hagia Sophia), mọ́ṣáláṣí Sultanahmet àti ààfin Topkapı. Físà àwa méjèèjì ti jáde.

Oúnjẹ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kì í sì jẹun níbi tí wọ́n bá ti ń ta ọtí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn ò ní dé ìlú onílùú kí àwọn máa jẹ bọ́gà, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ nílé wọn làwọn fẹ́ jẹ. Mo wá orí íntánẹ́ẹ̀tì títí, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ìkòkò amọ̀ lójú àlejò ni gbogbo wọn ń fi hàn mí. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ jẹun sí, kí lẹ jẹ, kí ló sì yẹ ká ṣọ́ra fún?

Ará_Üsküdar

Ẹ kú ìmúra o. Ìlú yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, inú mi sì dùn pé oúnjẹ gidi ni Mama ń wá. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ ní Sultanahmet, àdúgbò tí Ayasofya wà, tí wọ́n ń fi mẹ́nù aláwòrán pe èrò. Ẹ kí wọn, kí ẹ sì kọjá lọ. Esnaf lokantası ni kí ẹ wá. Búkà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọlọ́jà ni. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń se oúnjẹ ibẹ̀, wọ́n á tò ó sínú àwo ńláńlá lẹ́yìn gíláàsì, ooru á máa rú lórí rẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ èdè Túrkì. Ẹ ó nawọ́ sí èyí tó bá wù yín, wọ́n á bù ú fún yín.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀. Bí ẹ bá ti sọ pé "az" kí ẹ tó dárúkọ oúnjẹ, díẹ̀ ni wọ́n máa bù, owó rẹ̀ náà á sì wálẹ̀. Az pilav, ìrẹsì díẹ̀ nìyẹn. Az kuru, ẹ̀wà funfun díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Mama á ṣe tọ́ oríṣi mẹ́rin wò lórí ìjókòó kan tí inú wọn ò ní kún jù.

Àkókò tí ẹ bá dé ibẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé oúnjẹ lọ. Láàárín aago méjìlá sí aago kan ọ̀sán ni kí ẹ lọ, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fúnra wọn ń jẹun. Tó bá fi máa di aago mẹ́ta, èyí tó dùn jù ti tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ta ọtí rárá.

Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo mú ìyá mi wá, Kanaat, lokanta kan ní Üsküdar lódì kejì omi, ni mo máa mú wọn lọ. Ó ti wà láti 1933. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Eminönü, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ó rí Topkapı àti gbogbo ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí ìlú láti orí omi kí ẹ tó gúnlẹ̀. Láti èbúté, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Ìyẹn á rọrùn fún orúnkún wọn.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ lokanta yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rìn nínú Ayasofya, tó jáde tí ebi ń pa á, kò ní lè dúró de ọkọ̀ ojú omi. Fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, ilé oníköfte tó wà lójú ọ̀nà Divanyolu, Tarihi Sultanahmet Köftecisi ti Selim Usta, ni mo mú àwọn ọmọ mi lọ. Láti 1920 ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Mẹ́nù wọn kò gùn: köfte, ìyẹn ẹran lílọ̀ tí wọ́n yan lórí èédú, piyaz, ẹ̀wà funfun tútù tó ní àlùbọ́sà àti fínígà, ọbẹ̀, àti irmik helvası fún ìpanu dídùn. Ilé oúnjẹ tí kò se ju nǹkan díẹ̀ lọ láti ọdún gbọọrọ bẹ́ẹ̀ máa ń mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ wo orúkọ tó wà lára pátákó dáadáa, torí àwọn mìíràn wà ní àdúgbò yẹn tí orúkọ wọn jọ tirẹ̀. Àwọn ìbejì mi jẹ ẹran wọn tán, wọ́n fi búrẹ́dì nu àwo. Èmi ní tèmi rò pé iyọ̀ ibẹ̀ dára, ata ibẹ̀ ló kéré.

Aláta_Mushin

Ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu ba ata. Ìbéèrè tèmi nìyẹn gan-an. Ṣé àwọn èèyàn yìí máa ń jẹ ata bí? Ọkọ mi lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́, ó ní gbogbo ohun tí wọ́n gbé fún òun ní hòtẹ́ẹ̀lì kò ta lẹ́nu rárá.

Ará_Üsküdar

Àǹtí Aláta, oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì kọ́ ni ẹ máa fi mọ oúnjẹ Túrkì. Ìlà-oòrùn gúúsù lata wà. Bí ẹ bá dé ilé oníkebab, ẹ béèrè fún Adana. Ẹran àgùntàn ni wọ́n fi ọ̀bẹ rẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá àti ata pupa, tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ irin fífẹ̀ kan kí wọ́n tó yan án. Ti Urfa jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ta. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á dárúkọ Urfa, á wá sọ pé Túrkì ò mọ ata.

Orí tábìlì náà sábà máa ń ní pul biber, ata gbígbẹ tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá rí èyí tó dúdú tó sì ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, isot nìyẹn, láti Urfa ló ti wá. Oòrùn ni wọ́n fi ń sá a lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ wọ́n á dì í kó lè làágùn. Ó ní òórùn èéfín díẹ̀, kò sì ń jó ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń rà á ránṣẹ́ sílé.

Ọmọ_Alhaja

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fún mi nísinmi. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Alhaja. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá àwọn ará Túrkì ń jẹ ṣàkì.

Oníṣòwò_Laleli

Wọ́n ń jẹ ẹ́ dáadáa! Èmi ni kí ẹ bi léèrè ìyẹn. Laleli, àdúgbò ọlọ́jà ní Istanbul, ni mo ti máa ń ra aṣọ, kò sì sí àárọ̀ òtútù tí mi ò ní mu işkembe çorbası. Ọbẹ̀ ṣàkì ni, ó funfun, ṣàkì inú rẹ̀ kéékèèké. Wọ́n á gbé aáyù tí wọ́n rẹ sínú fínígà wá lọ́tọ̀ pẹ̀lú ata gbígbẹ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bu bó ṣe wù yín. Ilé tó ń ta á máa ń ṣí títí òru. Kelle paça náà wà, orí àti ẹsẹ̀ àgùntàn ni wọ́n fi ń sè é. Ẹni tó bá fẹ́ràn bọ̀kọ́tọ̀ á mọ rírì rẹ̀. Ìfun náà wà, kokoreç lorúkọ rẹ̀: wọ́n á wé e mọ́ irin, wọ́n á yan án, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sínú búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ohun kan fún yín. Mo lọ jẹ ẹja ní ilé oúnjẹ kan létí omi, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé àwo kéékèèké wá sórí tábìlì láìjẹ́ pé mo béèrè, mo rò pé ti àlejò ni. Wọ́n wọn ẹja lẹ́yìn ilé, kì í ṣe lójú mi. Nígbà tí bíìlì dé, owó àwo kéékèèké yẹn nìkan ju owó ẹja tí mo rò lọ. Ó dùn mí gan-an, torí pé mo ti bá àwọn ọlọ́jà Túrkì ṣòwò pẹ́, olóòótọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Ẹja, kílò ni wọ́n ń tà á. Ẹ béèrè iye tí kílò jẹ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹ sì béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ kí ó tó bọ́ sórí iná. Àwo meze, ìyẹn àwọn àwo kéékèèké yẹn, tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ dá a padà lọ́gán, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin ibẹ̀ ní kí ilé oúnjẹ lẹ iye owó oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà bí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn lọ. Mi ò ní kọ iye kankan síbí, owó lírà kì í dúró lójú kan.

Ọ̀rẹ́_Àmọ̀

Ẹ dákun, mo fẹ́ gbèjà ìkòkò amọ̀ tí ẹ̀ ń bú. Amọ̀kòkò ni ìyá mi àgbà, mi ò sì lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kí n dákẹ́. Testi kebabı kì í ṣe ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àlejò. Oúnjẹ àárín gbùngbùn Anatolia, ilẹ̀ Túrkì tó wà ní Éṣíà, ni, ìlú Yozgat pàápàá ń pè é ní tirẹ̀. Wọ́n á kó ẹran, tòmátì, àlùbọ́sà àti aáyù sínú ìkòkò ọlọ́rùn tóóró, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi sínú iná fún wákàtí mélòó kan. Omi ara ẹran fúnra rẹ̀ ló ń sè é. Ní Avanos, níbi tí odò Kızılırmak gbà kọjá, amọ̀ pupa odò yẹn làwọn amọ̀kòkò ń lò títí dòní. Bí ẹ bá dé Kapadókíà, agbègbè tí Avanos wà, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Ará_Üsküdar

Òótọ́ lẹ sọ, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ti Sultanahmet ni mo ń bá jà. Nínú ọ̀pọ̀ ibi tó wà níbẹ̀, lọ́tọ̀ ni wọ́n ti ń se ẹran náà sílẹ̀, tí wọ́n á wá bù ú sínú ìkòkò kí iná lè jó lójú àlejò. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ló gbà lórí iná. Ibi tó bá sọ fún yín pé kí ẹ ti sọ ọ́ sílẹ̀ láti àárọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ jẹ ẹ́.

Ọmọ_Alhaja, mo gbàgbé ohun méjì. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá rí ilá kéékèèké nínú àwo, bamya nìyẹn. Ẹ ra "az" rẹ̀ kí Mama tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé kì í fà. Wọ́n máa ń gé orí ilá náà yípo kí inú rẹ̀ má bàa ṣí, wọ́n á fi lẹ́mọ́ọ̀nù àti tòmátì sè é pẹ̀lú ẹran. Ìlú Konya tún máa ń sá èyí tó kéré jù, wọ́n á fi okùn so ó bí ìlẹ̀kẹ̀, òun ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ìgbéyàwó wọn.

Èkejì, àwọn oúnjẹ kan máa tutù nígbà tí wọ́n bá gbé e fún yín. Ẹ má bínú, ẹ má sì ní kí wọ́n gbé e ná. Zeytinyağlı ni wọ́n ń pè wọ́n: ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi òróró ólífì sè, tí wọ́n sì jẹ́ kó tutù kó tó dé orí tábìlì. Ewé àjàrà tí wọ́n fi di ìrẹsì wà nínú wọn. Ìgbá tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti tòmátì kún inú rẹ̀, imam bayıldı, wà nínú wọn pẹ̀lú. Ara ooru ọ̀sán ni irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń tù.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́_Abẹ́òkúta

Zeytinyağlı yìí ló gbà mí nígbà tí mo lọ, torí mi ò kì í jẹ ẹran. Ẹ kíyè sí ọbẹ̀ mercimek, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ pupa tí wọ́n lọ̀ kúná. Òótọ́ ni pé kò sí ẹran lójú rẹ̀, àmọ́ omi ẹran ni ibòmíràn fi ń sè é. Ẹ béèrè kí ẹ tó mu ún.

Akọ̀wé_Ìtàn

Ọ̀rọ̀ yìí wù mí púpọ̀. Bí Alhaja bá fẹ́ wo ìlú kí oúnjẹ sì bá ìtàn lọ, ẹ mú wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí Süleymaniye. 1557 ni Mimar Sinan, ayàwòrán ilé àwọn Sultan, parí mọ́ṣáláṣí yẹn fún Sultan Süleyman. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ imaret sí, ilé ìdáná ńlá tó ń bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, arìnrìn-àjò àti aláìní. Ọ̀pọ̀ imaret ìgbà yẹn máa ń se ọbẹ̀ ìrẹsì láàárọ̀, ti àlìkámà lálẹ́, tó bá sì di alẹ́ Jímọ̀, wọ́n á fi zerde kún un, ìrẹsì dídùn aláwọ̀ ìyeyè. Lónìí, ìlà ilé ẹlẹ́wà ló kọjú sí mọ́ṣáláṣí náà. Ẹ̀wà funfun lórí ìrẹsì ni wọ́n ń tà, pilav üstü kuru. Ọ̀kan nínú wọn kọ 1924 sára pátákó rẹ̀.

Ẹ má gba ọ̀nà Eminönü gòkè, ó dà gan-an. Ẹ wọ tíráàmù T1 dé Beyazıt, ọ̀nà ibẹ̀ rọrùn fún ẹsẹ̀.

Ní Topkapı, ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré lọ wo ohun ọ̀ṣọ́, wọ́n á fo ilé ìdáná. Ẹ má fò ó. Lẹ́yìn iná ọdún 1574, Sinan náà ló tún un kọ́, ìlà ihò èéfín rẹ̀ ni ẹ máa rí láti orí omi. Inú ibẹ̀ ni wọ́n pàtẹ àwo tánganran ilẹ̀ Ṣáínà ti àwọn Sultan sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ti ààfin náà o.

Ẹ sọ èyí fún Alhaja pẹ̀lú: mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó wà ní Erékùṣù Èkó, Sultan Abdul Hamid kejì láti Istanbul ló rán Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí ayẹyẹ ìṣílé rẹ̀ ní 1894. Oyè "Bey" tó wà lára orúkọ Mohammed Shitta, láti ọwọ́ Sultan yẹn ló ti wá. Ẹni tó ti kírun ní Shitta-Bey kì í ṣe àjèjì pátápátá ní Istanbul.

Aláta_Mushin

Àdúgbò ibẹ̀ ni mo dàgbà sí o, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí! Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé.

Ọmọ_Alhaja

A ti dé London, ara Alhaja le koko. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn, torí ìmọ̀ràn yín la tẹ̀ lé.

Ayasofya la kọ́kọ́ lọ. Àlejò ń san yúrò 25 láti gòkè lọ sí àjà òkè, ọ̀nà tó gòkè lọ síbẹ̀ sì jẹ́ òkúta tó ń dà gẹ̀rẹ̀, kò ṣeé gbà fún orúnkún Alhaja. Ìrun ni wọ́n fẹ́ kí, ẹnu ọ̀nà àwọn olùjọ́sìn ni wọ́n bá wọlé, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èmi nìkan ni mo gòkè.

Ní Süleymaniye, a kírun ọ̀sán tán, a sọdá sí ilé ẹlẹ́wà. Ẹ̀wà náà rọ̀ débi pé ahọ́n lásán ló ń fọ́ ọ, bọ́tà àti tòmátì hàn nínú rẹ̀, ìrẹsì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n gbé àlùbọ́sà tútù, ata inú fínígà àti ayran, yógọ́ọ̀tì tí wọ́n pò mọ́ omi àti iyọ̀, tì í. Alhaja jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní epo pupa ló kù, ṣùgbọ́n ẹni tó sè é ní sùúrù. Ẹ ò mọ bí ìyìn yẹn ṣe tóbi tó láti ẹnu ìyá mi.

Kanaat ni tọjọ́ kejì. Mo ń sọ "az, az", ọkùnrin tó ń bu oúnjẹ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rí i pé Mama ló ń yan gbogbo rẹ̀. A jẹ bamya, ẹran àgùntàn tó rọ̀ kúrò lára egungun, àti ewé àjàrà. Ilá yẹn yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n ń fi ṣíbí gbé e sókè, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní ó dùn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè é ní ilá, àwọn á jiyàn. Lẹ́yìn rẹ̀ la jẹ fırın sütlaç, ìrẹsì inú wàrà tí iná ti sun ojú rẹ̀. Èyí tó wà níwájú mi náà, àwọn ni wọ́n parí rẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe bọ̀wọ̀ fún àgbà. Wọ́n fa àga fún Alhaja, wọ́n gbé tíì wá láìgba owó, nígbà tí a sì ń jáde, wọ́n da kolonya, omi olóòórùn dídùn ti lẹ́mọ́ọ̀nù, sí wọn lọ́wọ́. Alhaja wúre fún wọn ní Yorùbá, gbogbo wọn ń ṣe àmín.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín. Mo ti ń fi ọjọ́ sí ìrìn mìíràn báyìí.

Arìnrìnàjò_Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, inú Ramadan ni ìrìn àjò tèmi bọ́ sí. Ṣé àwọn lokanta yìí máa ń ṣí?

Ará_Üsküdar

Ní àdúgbò ẹlẹ́sìn bíi Üsküdar àti Fatih, ọ̀pọ̀ wọn á ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, àwọn mìíràn á lo àkókò yẹn láti tún ilé ṣe. Àdúgbò àlejò bíi Sultanahmet ń ta oúnjẹ bí wọ́n ṣe ń tà tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ ìṣínu ni kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń ní ètò oúnjẹ kan fún gbogbo èèyàn: dábínù, ólífì, ọbẹ̀, ẹran, ìpanu dídùn. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n di àyè mú fún yín, torí tó bá ku bí ìdajì wákàtí kí wọ́n pe ìrun Màgàríbì, gbogbo àga ti kún, oúnjẹ ti wà níwájú oníkálukú, wọ́n kàn ń dúró ni. Kí ẹ tó jókòó, ẹ lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ilé oníbúrẹ́dì kan fún Ramazan pidesi. Oṣù yẹn ni wọ́n sábà ń yan án, gbígbóná ni kí ẹ sì jẹ ẹ́.